Sẹ́ńsọ̀ kọ -127, hítà ò kú mọ́, ọmọ ẹja màmá mi sì kú tán: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí sákíìtì yìí

Ọmọ_Ẹlẹ́ja (Òdògbólú) · Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé ọkàn ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Màmá mi ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ tà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń tutù lóru débi pé ẹyin kì í pa dáadáa, èyí tó bá sì pa, ọmọ rẹ̀ kì í lágbára. Mo ní kí n fi ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ṣe sákíìtì kan tí yóò máa wo bí omi ṣe gbóná sí. Bí omi bá wá sílẹ̀ ju 27°C, á tan ríìngì tí a fi ń se omi; bó bá dé 28.5°C, á pa á.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé: Arduino Nano kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀), sẹ́ńsọ̀ ìgbóná DS18B20 mẹ́ta (èyí onírin gbọọrọ tí wọ́n ní omi kì í wọ̀), LCD kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn, àti rílé 5V kan tó ń tan ríìngì, tó sì ń pa á. Adaptor 12V ló ń bọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi 7805 sọ ọ́ di 5V. Résísítọ̀ 10k ni mo fi sáàárín wáyà dátà àti 5V, torí òun ló wà lọ́wọ́ mi. Bọ́ọ̀dù wà nínú yàrá, nítorí náà mo fa wáyà tó tó mítà 14 dé ibi táǹkì, mo sì dì í mọ́ wáyà páǹpù kó má baà máa fì. Táǹkì gba lítà 500. Ríìngì jẹ́ wátì 1000.

Lórí tábìlì mi, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà kankan. Ìgbà tí mo gbé e dé ibi táǹkì ni mo rí i pé ó máa ń kọ 85 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á tún padà sí 27 tàbí 28. Mo rò pé kò ṣe nǹkan. Lóru Ọjọ́ Ẹtì, iná lọ ní nǹkan bí agogo 11, àbúrò mi tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa lọ sùn. Agogo 5 ìdájí ni màmá mi kígbe pè mí. Omi ti gbóná bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Tẹmómítà onígíláàsì kọ 36°C. LCD kọ -127. Ríìngì ṣì wà ní títàn. Gbogbo ọmọ tó pa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ti kú, wọ́n funfun nílẹ̀ táǹkì.

Màmá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn gbé bàsíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Mo fẹ́ tún un ṣe kí wọ́n tó tún gún ẹja míì lábẹ́rẹ́ kó lè yé. Kí ló ń fa 85 yẹn? Kí ló ń fa -127? Ṣé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ ni?

---

Tẹ́kí_Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ayédèrú ni sẹ́ńsọ̀ yẹn. Èyíkéyìí tó bá ti ń kọ 85, jù ú nù. Èyí tó ń kọ -127 ti kú pátápátá. Ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó o fọkàn tán, ọ̀rọ̀ á parí.

---

Adé_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè) · Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Tẹ́kí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà pẹ̀lú yín níbí. 85 kì í ṣe àmì ayédèrú. Bí wọ́n ṣe ṣe DS18B20 nìyẹn: nígbàkúùgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, +85°C ló máa ń wà nínú àpò nọ́ńbà rẹ̀ títí yóò fi wọn ìgbóná tán lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá kà á kó tó wọ̀n ọ́n tán, 85 lo máa bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bíìtì 12 lo lò, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fi 0.0625 dígírì yí, wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan lè gba tó mílísẹ́kọ́ńdù 750.

Nítorí náà, ohun tí 85 ń sọ fún Ọmọ_Ẹlẹ́ja ni pé iná tó ń bọ́ sẹ́ńsọ̀ ń já fún àkókò díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí sẹ́ńsọ̀ sì ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń já a? Wo rílé rẹ. Kọ́ìlì rílé 5V máa ń fa bíi mílíáńpù 70 sí 80 lójijì. Ìwọ sì jẹ́ kí rílé, LCD, Nano àti sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta jọ máa jẹun láti inú abọ́ 7805 kan ṣoṣo, ní òpin wáyà tín-ínrín mítà 14. Bí rílé bá ti ta, 5V tó wà lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ á wálẹ̀. Mo fẹ́ kó o wò ó bóyá 85 kì í sábà yọ ní kété tí rílé bá ta "tàà".

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi: kapásítọ̀ 100nF lẹ́bàá ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ gan-an, òmíràn tó tó 470µF lórí 5V lẹ́bàá Nano, kí rílé sì ní oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí rílé yẹn bá ní jumper JD-VCC (ìdè kékeré tó so iná kọ́ìlì mọ́ iná ìyókù), yọ ọ́, kó o fún kọ́ìlì ní 5V láti ibòmíràn. Bó bá jẹ́ pé tíránsísítọ̀ lo fi ń tan rílé fúnra rẹ, rí i dájú pé dáyóòdù 1N4007 wà ní ìdojúkọ kọ́ìlì.

10k tó o fi síbẹ̀ náà ń dá kún un. 4.7k ni ìwé rẹ̀ sọ. Ní mítà kan, 10k lè ṣiṣẹ́. Ní mítà 14 pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, wáyà fúnra rẹ̀ ti di kapásítọ̀, dátà ò ní lè dìde kíákíá tó mọ́. Gbìyànjú 2.2k. Má lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí mílíáńpù 4 péré ni wọ́n sọ pé sẹ́ńsọ̀ lè fà wálẹ̀.

---

Ṣadé_Ìpẹru · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ọmọ_Ẹlẹ́ja, ẹ kú ọ̀fọ̀. Mo ti rí ibi tí ọmọ ẹja yẹn bá lọ, kò sì sí nínú sẹ́ńsọ̀.

-127 kì í ṣe ìwọ̀n ìgbóná kankan. Library (àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) tí gbogbo wa ń lò fún DS18B20 ló ń fi nọ́ńbà yẹn sọ pé "mi ò rí sẹ́ńsọ̀ mọ́". Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kì í wọ̀n ju -55 sí +125 lọ. Wàyí o, kí ni kóòdù rẹ sọ? Ó ní bí omi bá wá sílẹ̀ ju 27, kí ríìngì tàn. Ṣé -127 kò sí lábẹ́ 27 ni? Wáyà já, kóòdù rẹ rò pé omi ti di yìnyín, ó tan ríìngì, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó pa á títí ilẹ̀ fi mọ́.

Jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún ọ. Lítà omi 500 pẹ̀lú wátì 1000: dígírì kan á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Láti 27 dé 36 jẹ́ dígírì 9. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, láìka èyí tí òtútù òru ń gbà lọ. O ní agogo 5 lẹ rí i. Ka wákàtí mẹ́fà padà sẹ́yìn, agogo 11 ni. Ìgbà tí àbúrò rẹ tan jẹnẹrétọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ dákẹ́.

Ìdàkejì rẹ̀ wà pẹ̀lú 85. Bó bá jẹ́ orí 85 ló dúró sí, ríìngì ò ní tàn rárá, òtútù á wá pa wọ́n. Torí náà má fi kóòdù béèrè "ṣé ó kéré sí 27?" lásán. Kọ́kọ́ béèrè bóyá nọ́ńbà náà ṣeé gbà gbọ́. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ 15 tàbí tó ju 40 lọ, nínú táǹkì ní Òdògbólú, irọ́ ni. Bó bá rí irọ́, kó pa ríìngì, kó sì máa ké. O ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta: to nọ́ńbà wọn láti kékeré dé ńlá, kó o mú èyí àárín. Bí ọ̀kan bá ya wèrè, méjì tó kù á gbà ọ́. Tan watchdog (aago ìṣọ́) inú ATmega328, ìyẹn ọpọlọ Nano rẹ, náà, ó lè dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 8 kó tó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má baà dákú nígbà tí ríìngì wà ní títàn. Kó sì jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí kóòdù á ṣe tó bá jí ni kó pa ríìngì.

---

Oníná_Ṣàgámù · Ọjọ́ Ajé, 10:32 alẹ́

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ kóòdù, ẹ dúró ná. Ọmọkùnrin yìí ki ríìngì bọ inú táǹkì tí màmá rẹ̀ ń ti ọwọ́ bọ̀! Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe wáyà ilé láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́. Ríìngì ìsomi ò ní áàtì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, awọ ara rẹ̀ sì máa ń là lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bó bá là, gbogbo omi táǹkì ti di iná. Ẹja lè kọ́kọ́ kú, ó sì lè jẹ́ màmá. Má tún lo nǹkan yẹn mọ́. Ra hítà ẹja onígíláàsì tàbí onírin tó ní kọ́ǹtíróò tirẹ̀ lórí; méjì oníwátì 300 á tó ọ bí o bá fi nǹkan bo táǹkì. Yí kọ́ǹtíróò yẹn sí 30. Bí gbogbo ọgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ bá kùnà, òun fúnra rẹ̀ á pa ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi RCCB 30mA (suíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò) sójú wáyà tó ń lọ sí táǹkì, kó o sì ri áàtì gidi mọ́lẹ̀. Fi èyí sọ́kàn: lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọn ò so neutral rẹ̀ mọ́ áàtì, RCCB lè má já bó ti yẹ. Nítorí náà, ìlànà kan ṣoṣo ni kó wà nílé yín: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ táǹkì, kó kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì.

Ẹ kúkú lè ra W1209, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí ìgbóná, tí wọ́n ti ṣe tán. Ó ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀, ó ní rílé, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

---

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Ọjọ́ Ajé, 11:20 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ yọ ríìngì yẹn báyìí, mo gé orí wáyà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó.

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo ibi tí mo ti so wáyà sẹ́ńsọ̀ mọ́ wáyà gígùn. Mi ò fi lẹ́ẹ̀dì jó o, mo kàn lọ́ ọ pọ̀ ni, mo fi sẹ́lótéèpù wé e. Nígbà tí mo tú u, omi wà nínú rẹ̀, wáyà sì ti di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n Adé, òótọ́ ni pé 85 máa ń wá bí rílé bá ta. Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, mo ka ìṣirò yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó sílẹ̀. Mi ò mọ̀ rárá pé -127 ní ìtumọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oníná, mo ti gbọ́ nípa W1209. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló ní, mi ò sì lè kọ́ ọ láti ké pè mí.

---

Bàbá_Rédíò (Ìjẹ̀bú-Igbó) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó dáyé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Kí ni ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú iṣẹ́ kékeré yìí? LM35 ń bẹ, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná ni. Mílífóltì 10 ló ń mú jáde fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ní 28°C, mílífóltì 280 lẹ máa bá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbé e wọ LM393 tó ń fi fóltì méjì wéra, ẹ fi résísítọ̀ onídìí-yíyí ṣe 280 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi résísítọ̀ ńlá kan dá ẹnu rẹ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀ kí rílé má baà máa gbọ̀n. Ẹ má gbàgbé pé ẹnu LM393 ò lè fúnra rẹ̀ gòkè, ó ń fẹ́ résísítọ̀ tí yóò fà á lọ sí iná. Ó tán. Kò sí kóòdù, kò sí library, kò sí -127. Èyí tí mo ṣe fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin adìẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní.

---

Adé_Àgọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Sákíìtì yín dára, ṣùgbọ́n mítà 14 yẹn ni mo ń rò. Mílífóltì 280 tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà páǹpù ní mítà 14, ariwo iná tó máa gbé lọ́nà lè ju mílífóltì 10 lọ, dígírì kan ti yí nìyẹn. LM35 kì í sì í fẹ́ wáyà gígùn lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi ní kí a fi résísítọ̀ bíi 2k sí i lẹ́nu. Ní ti DS18B20, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́, ó sì ń fi CRC (nọ́ńbà àyẹ̀wò) tẹ̀lé e. Bí ariwo bá ba nọ́ńbà jẹ́ lọ́nà, ẹni tó ń kà á á mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. LM35 ò lè sọ fún ọ pé irọ́ ni òun ń pa.

Ẹni tó bá fẹ́ ka LM35 pẹ̀lú Arduino náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Lórí 5V, ìgbésẹ̀ ADC rẹ̀ (ibi tó ti ń sọ fóltì di nọ́ńbà) jẹ́ bíi mílífóltì 4.9, ìyẹn bí ìdajì dígírì. Àfi kó lo 1.1V tó wà nínú rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa tó di bí ìdámẹ́wàá dígírì.

---

Bàbá_Rédíò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Adé, ọ̀rọ̀ rẹ lórí wáyà gígùn tọ̀nà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wáyà gùn tó bẹ́ẹ̀? Kí ó gbé àpótí lọ sẹ́bàá táǹkì. Kí wáyà tó ń lọ sínú omi má ju mítà méjì lọ. Iná 12V ni kó rìn mítà 14, òun ò bẹ̀rù ariwo. Bí DS18B20 ló bá máa lò, èyí á ràn án lọ́wọ́ bákan náà.

Mo wá tún fẹ́ kó ronú sí èyí. Kọ̀ǹpútà rẹ lè ṣe ọ̀gá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí LM35 mi ṣe ọlọ́pàá. Rílé kejì, tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lórí wáyà hítà kan náà. Ṣe é sí mílífóltì 310. Bí omi bá dé 31°C, rílé yẹn á já, ohun yòówù kí kọ̀ǹpútà máa sọ. Kí wọ́n má jọ lo sẹ́ńsọ̀ kan náà, kí wọ́n má sì jọ lo 5V kan náà.

---

Ṣadé_Ìpẹru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:44 àárọ̀

Bàbá, èyí gan-an ló sonù nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ẹ ṣeun sà. Àtúnṣe kékeré kan: kí ó so rílé kejì lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí LM35 tàbí iná rẹ̀ bá kú, rílé á já ni, kò ní dè. Ẹnu NO (tó máa ń já bí rílé ò bá ní iná) ni kó lò, kì í ṣe NC (tó máa ń dè). Bí wáyà LM35 bá sì já, kí ẹnu ìwọlé LM393 má wà ní òfìfo: résísítọ̀ ńlá gan-an kan sí 5V á fà á sókè, sákíìtì á rò pé omi gbóná, á pa hítà.

---

Àbẹ̀kẹ́_Eriwe (Ìjẹ̀bú-Òde) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò mọ sákíìtì, ẹja ni mo mọ̀. Lára àwọn tó ń sin ẹja ní Eriwe ni mí, mo sì ti pa ọmọ ẹja nínú ọyẹ́ àti nínú òjò.

Ọmọ mi, ẹ bá mi kí màmá. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò tíì gbọ́n òkú ọmọ ẹja jáde lára táǹkì rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí tẹmómítà fi ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, kó tiẹ̀ tó kan hítà rárá. Nígbà tá a bá gún ìyá ẹja lábẹ́rẹ́, bí omi ṣe gbóná sí ló ń sọ wákàtí tá a máa tẹ̀ ẹ́ níkùn kí ẹyin lè jáde. Ní 25°C, nǹkan bíi wákàtí 11. Ní 28°C, nǹkan bíi wákàtí 8. Tó bá tutù dé 22°C, ó lè tó wákàtí 15 àti ààbọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ yín bá fi dígírì mẹ́ta parọ́, wákàtí mẹ́ta lẹ fi ṣìnà: ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹyin tó gbó, tàbí ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ti gbó jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pò ó mọ́ ti akọ, ní 25°C, bíi wákàtí 27 ló máa pa. Ní 28°C, bíi 22. Ìwé kan wà lára ògiri mi tí mo kọ gbogbo èyí sí, òun ni mo ń wò. Nítorí náà ìdajì dígírì ò ní pa wá lára. Dígírì mẹ́ta ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Nǹkan kejì: mi ò gbà pé kí ẹ máa lé 28.5 kiri lójúmọ́. Kí omi dúró lójú kan ló dára jù fún ọmọ ẹja. Tó bá wà ní 26 láìyẹsẹ̀, ó sàn ju kó máa lọ láti 25 sí 29 lóru kan. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú fèrèsé, ẹ fi fóòmù wé ara táǹkì, ẹ máa rí i pé hítà ò ní fi bẹ́ẹ̀ tàn mọ́. Ẹ má sì pa afẹ́fẹ́ páǹpù nítorí iná. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù: ní 25°C, ó lè gba díẹ̀ ju mílígíráàmù 8 lọ nínú lítà kan, ní 36°C, kò tó 7. Ọmọ ẹja yín gbóná, kò sì tún rí afẹ́fẹ́ mí dáadáa.

---

Tẹ́kí_Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo gbà pé mo yára jù lórí ọ̀rọ̀ 85. Adé, o ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jáwọ́ lórí ọ̀rọ̀ ayédèrú, torí wọ́n wà lọ́jà gan-an, wọ́n sì ti ná mi lówó.

Dallas ló kọ́kọ́ ṣe sẹ́ńsọ̀ yìí. Maxim ra Dallas ní 2001, Analog Devices sì ra Maxim ní 2021, ṣùgbọ́n orúkọ DALLAS ṣì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ayédèrú náà ń kọ ọ́. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ bíìtì 64. 28 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn ojúlówó tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, òdo méjì-méjì ló wà ní ipò kẹfà àti ìkeje, báyìí: 28-xx-xx-xx-xx-00-00-xx. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí i. Mélòó kan nínú wọn ń wọ̀n dáadáa ní 25, wọ́n á sì máa ṣìnà bí omi bá ṣe ń gbóná sí i. Òmíràn ò lè ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fi wáyà méjì péré bọ́ ọ.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù rèé. Ra omi dídì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja dídì. Gún un wẹ́wẹ́, kún kọ́ọ̀bù pẹ̀lú rẹ̀, da omi díẹ̀ sí i títí tí yóò fi dà bí ẹ̀kọ mímu tó ki, fi àwọn sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àárín, kí wọ́n má kan ìdí kọ́ọ̀bù. Rò ó pọ̀, dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà láàárín -0.5 sí +0.5. Lẹ́yìn náà fi wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ara gbígbóná, ní bíi 37, kó o wo bí wọ́n ṣe bára wọn mu. Kọ ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó o yọ ọ́ nínú kóòdù.

Èyí onírin yẹn náà, "omi kì í wọ̀ ọ́" ni wọ́n máa ń kọ sí i, àmọ́ omi ń gba ẹnu wáyà wọlé. Fi gọ́ọ̀mù Araldite dí ẹnu rẹ̀, kó o tún fi rọ́bà tó ń sún kì wé e lórí.

---

Oníná_Ṣàgámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 alẹ́

Mo yọ ọ̀rọ̀ W1209 mi kúrò. Mo wo ọ̀kan nílé báyìí, sẹ́ńsọ̀ NTC 10k kan péré ló ní. Fún ibi tí ẹyin wà, ti Bàbá dára jù.

---

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti Bàbá. Mo ní kí n má sọ nǹkan kan títí tí màmá mi yóò fi tún pa ẹyin.

Mo gbé àpótí oníkè lọ sẹ́bàá táǹkì. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ò ju mítà kan ààbọ̀ lọ mọ́, mo fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ́ pọ̀ ṣe é, dátà àti gíráǹdì nínú èyí kan náà, mo sì gbé e jìnnà sí wáyà páǹpù. Gbogbo oríkèé ni mo fi lẹ́ẹ̀dì jó. 4.7k ni mo padà lò, torí wáyà ti kúrú. 7805 ti máa ń gbóná tẹ́lẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án, mo fi LM2596 pààrọ̀ rẹ̀. Rílé ní tirẹ̀, LM35 Bàbá náà ní tirẹ̀. 85 ò yọ mọ́ láti ìgbà náà, mo sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú kan.

Nínú omi dídì, sẹ́ńsọ̀ méjì kọ 0.1 àti 0.3. Ẹ̀kẹta kọ 1.9. Mo wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, òdo ò sí níbi tí ẹ̀gbọ́n Tẹ́kí sọ. Mo ti yọ ọ́, mo ra òmíràn.

Hítà méjì oníwátì 300 ló wà níbẹ̀ báyìí, kọ́ǹtíróò orí wọn wà ní 30. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe wáyà ló bá wa ri áàtì, ó sì fi RCCB sí i. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Ìyá Eriwe, mo dá omi dúró sí 27, mo fi fóòmù wé táǹkì, mo sì fi ọ̀rá bo fèrèsé. Lóru tó tutù jù, hítà tàn fún bí ìdámẹ́ta àkókò péré.

---

Bàbá_Rédíò · Ọjọ́ Ìsinmi, 6:10 ìrọ̀lẹ́

O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé o ti yọ sẹ́ńsọ̀ nígbà tí hítà wà ní títàn, láti wo ohun tó máa ṣe? Má dúró de òru kó tó dán ọ wò.

---

Ọmọ_Ẹlẹ́ja · Ọjọ́ Ìsinmi, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é, Bàbá, ojú màmá mi ni mo sì ti ṣe é. Mo yọ ọ̀kan, LCD kọ "sẹ́ńsọ̀ 2 ti já", iṣẹ́ ń lọ. Mo yọ ìkejì, hítà kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí. Lẹ́yìn náà mo fi wáyà tan rílé kọ̀ǹpútà tipátipá, mo ki LM35 bọ kọ́ọ̀bù omi gbígbóná: rílé kejì já. Mo yọ iná LM35 pátápátá, ó tún já.

Màmá mi ní kí n tún yọ ọ̀kan sí i kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń ké, kí àwọn lè mọ ohùn rẹ̀ lójú oorun. Ẹyin tí wọ́n pò lọ́jọ́ Ọjọ́rú ti pa. Wọ́n wà nísàlẹ̀ táǹkì báyìí, wọ́n ń ta pútúpútú.

---

Àbẹ̀kẹ́_Eriwe · Ọjọ́ Ìsinmi, 7:30 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun! Bí wọ́n bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wo ikùn wọn. Tí àpò ẹyin abẹ́ ikùn bá ti ń tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí omi wà ní 27 yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nọ́ńbà náà.